Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ IASC, àlejò tí wàhálà bá nílẹ̀ onílẹ̀, tábìlì ta ni kó lọ?

Ẹ̀yin àgbààgbà inú ìgbìmọ̀ IASC, ẹ̀yin olórí àjọ tí ẹ máa ń jókòó pọ̀ láti pinnu bí ìrànwọ́ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ogun, ilẹ̀ ríri tàbí omíyalé bá, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, pàápàá lásìkò tí owó ò sí yìí. Mo mọ̀ pé lẹ́tà pọ̀ níwájú yín, àwọn tó sì ń kọ ọ́ lẹ́nu jù mí lọ. Ògbufọ̀ lásán ni mí. Èmi ni wọ́n máa ń pè wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ìrànwọ́, àmọ́ àárín ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn ni ògbufọ̀ máa ń jókòó sí, ojú mi sì máa ń rí ibi tí ìbéèrè ò ti bá ìdáhùn mu.

Ohun tí mo bá wá ò lọ́jú pọ̀ rárá: àwọn aṣíkiri tí wàhálà bá nílẹ̀ onílẹ̀ ò ní tábìlì nínú ètò yín. Mi ò sọ pé ẹ kórìíra wọn o. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló ṣáà rò pé ẹlòmíì ló ń mójú tó wọn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa, torí ó dáa lóòótọ́. Ìpinnu 46/182 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lóṣù Kejìlá ọdún 1991 ló bí ìgbìmọ̀ yín, òun ló ní kí ẹnì kan máa ṣe kòkárí ìrànwọ́ pàjáwìrì kí kálukú yéé dá tiẹ̀ ṣe. Nígbà tó di 2005 ẹ rí i pé ìyẹn nìkan ò tó, ni àwọn ẹ̀ka tí ẹ ń pè ní cluster bá dé, tí àjọ kan ń ṣáájú iṣẹ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Pakísítàánì ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ó lẹ́yìn ilẹ̀ ríri oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Látìgbà náà, ẹni tó bá dé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ mọ ẹni tó máa bi: ọ̀rọ̀ ìlera, WHO, omi àti ilé ìyàgbẹ́, UNICEF, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ẹrù, WFP. Ogúnléndé tó sá kọjá bọ́dà, UNHCR ló ni ín látòkè délẹ̀. Àwọn tí ẹ ń kọ́kọ́ rán lọ, UNDAC, láàárín wákàtí 12 sí 48 ni wọ́n máa ń gbéra. Ìlànà Sphere tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé tiẹ̀ wọn nǹkan débi pé lítà omi 15 ló kéré jù fún ẹnì kan lóòjọ́, èèyàn 20 ló sì pọ̀ jù tó yẹ kó pín ilé ìyàgbẹ́ kan.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè ka omi dé lítà, kí ló dé tí kò wá rí ìdáhùn sí eléyìí: obìnrin kan láti Etiópíà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé ní Beirut, olú-ìlú Lẹ́bánónì, bọ́ǹbù ti ba àdúgbò tó ń gbé jẹ́, kì í ṣe ọmọ ìlú, kì í ṣe ogúnléndé torí iṣẹ́ ló wá ṣe, kò sẹ́ni tó lé e kúrò nílùú tiẹ̀. Ta ló ni ín?

Ẹ máa ní IOM. Mo gbà. Àjọ tó ti wà láti 1951 ni, ọ̀rọ̀ aṣíkiri sì ni iṣẹ́ wọn, kódà wọ́n ti fọwọ́ sí ìlànà tiwọn lórí irú wàhálà báyìí láti 2012. Àmọ́ ẹ lọ wo àga tí ẹ fún IOM nígbà tí ẹ dá cluster sílẹ̀: ìtọ́jú àgọ́ ni, nígbà tó bá jẹ́ ilẹ̀ ríri tàbí omíyalé. Tó bá jẹ́ ogun, UNHCR lẹ fi àgọ́ fún. Cluster aṣíkiri ò sí. Nígbà tí àwọn ọmọ Venezuela ń rọ́ jáde, IOM àti UNHCR jọ dá tábìlì kan sílẹ̀ lọ́dún 2018 tó gba ogúnléndé àti aṣíkiri pọ̀, ìyẹn sì fi hàn pé ó ṣeé ṣe tí wọ́n bá fẹ́. Àmọ́ àwọn yẹn kúrò nílé tiwọn ni. Àwọn tí mò ń sọ ti wà nílẹ̀ onílẹ̀ tipẹ́ kí wàhálà tó bá wọn níbẹ̀.

Ẹ sún mọ́ ibi fọ́ọ̀mù. Mi ò ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní dárúkọ àjọ tó ni fọ́ọ̀mù, torí akọ̀wé tó ń kọ ọ́ ò ṣe nǹkan tó burú, ohun tí wọ́n fún un ló ń lò. Obìnrin kan jókòó síwájú wa. Orúkọ, ìyẹn rọrùn. Nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀: ó ní òun ò ní, pásípọ́ọ̀tù òun wà lọ́wọ́ mádàámù, mádàámù sì ti wọ mọ́tò lọ láti ìjẹta. Olórí ìdílé: ó ronú díẹ̀, ó wá dárúkọ ọkùnrin tó gbà á síṣẹ́, ẹni tó já a sílẹ̀ yẹn gan-an. Ibi tí wàhálà ti lé ọ kúrò: ó mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, àmọ́ kò lè sọ orúkọ títì náà, wọn kì í jẹ́ kó jáde. Ìgbà tí a dé ìsàlẹ̀, àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹni tí wàhálà lé kúrò nílé, ogúnléndé, ọmọ àdúgbò tó gbà wọ́n lálejò. Akọ̀wé gbé bírò sórí ti àkọ́kọ́, ó gbé e kúrò, ó gbé e sórí èkejì, ó wò mí, mo wò ó, ó ní ká fi sílẹ̀ ná.

Ẹ ò rí i, orúkọ tó bá jáde nínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò iye èèyàn, iye èèyàn ni wọ́n fi ń ṣètò, ètò yẹn náà ni wọ́n ń gbé lọ bá àwọn tó ń fowó sílẹ̀. Àpótí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ná lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì wàhálà máa di búláńkẹ́ẹ̀tì tí ò dé lóṣù kẹta. Kò sẹ́ni tó ṣìkà, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Nígbà tí ogun Lẹ́bánónì gbóná lóṣù Kẹsàn-án 2024, aṣíkiri tó wà níbẹ̀ lé ní 170,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò IOM, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé lábẹ́ òfin kafala, ìyẹn òfin tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ń sá, wọ́n ń já àwọn òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀ lójú títì, àwọn mìíràn tilẹ̀kùn mọ́ wọn nínú ilé lọ. Ìjọba ṣí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọba tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 fún àwọn tó ń sá bọ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kún, àmọ́ tí aṣíkiri bá dé ẹnu ọ̀nà lára wọn, wọ́n á ní ti ọmọ ìlú nìkan ni. IOM pariwo ẹ̀ ní Geneva níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè tèmi ni pé ṣé ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ ni? Òfin kafala ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé tí ogun bá dé, ẹni tí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá ò ní lè lọ síbì kankan. Nǹkan tó yẹ kó wà nínú ètò ìmúrasílẹ̀ nígbà tí ara rọ̀ nìyẹn, kí wọ́n ti bá ìjọba sọ ọ́ pé ilé tí a bá ṣí, gbogbo ẹni tó bá nílò ẹ̀ ló máa wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ tí bọ́ǹbù bá ń bọ́ kọ́ ni wọ́n máa ń jiyàn ẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ sì mọ àwọn tó gba àwọn obìnrin yẹn sílé? Àwọn aṣíkiri ẹlẹgbẹ́ wọn, àwọn ọmọ Lẹ́bánónì kan tó yọ̀ǹda ara wọn, ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ kékeré kékeré tó ń fi WhatsApp pe ara wọn. Wọ́n wá ilé ńlá, wọ́n tẹ́ní, wọ́n ń dáná. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní àga nínú mítìn cluster.

Ọ̀rọ̀ mítìn yẹn náà, kí n tó gbàgbé. Ní Háítì lọ́dún 2010, lẹ́yìn ilẹ̀ ríri oṣù Kìíní, inú ọgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ọ̀pọ̀ mítìn ti ń wáyé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, lórílẹ̀-èdè tó jẹ́ Kíríyólù àti Faransé ni wọ́n ń sọ. Tí ọmọ onílẹ̀ fúnra ẹ̀ ò bá rọ́nà wọlé, kí lẹ fẹ́ kí àjèjì tí ò níwèé sọ?

Ó yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe pé a ò mọ nǹkan tó yẹ ká ṣe. Nígbà tí Líbíà dà rú lọ́dún 2011, àwọn aṣíkiri tó sá kúrò níbẹ̀ sún mọ́ 800,000, wọ́n gba Tùnísíà lọ, wọ́n gba Íjíbítì lọ, àwọn míì gba inú aṣálẹ̀ bọ́ sí Nìjẹ̀r àti Ṣáàdì. IOM àti UNHCR jọ ṣètò ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń kó wọn padà sílé láti bọ́dà. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé wọ́n gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ Líbíà ló wà lára ohun tó mú kí Filipínì àti Amẹ́ríkà ṣáájú ètò kan lọ́dún 2014 lórí aṣíkiri tí wàhálà bá nílẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n pè ní MICIC, ó sì mú ìwé ìlànà jáde lọ́dún 2016, gbogbo nǹkan tí mò ń pariwo yìí ló wà nínú ẹ̀: ẹ ka àwọn aṣíkiri mọ́ ètò pàjáwìrì, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lédè tó yé wọn, ẹ ya ìrànwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ìwé tó dáa gan-an ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n, òun ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo yòókù tẹ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, asán ni. Èèyàn tí ò níwèé ò ní wá síbi ìrànwọ́ tó bá rí yúnífọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà. Ebi lè máa pa á, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè ti ṣẹ́, kò ní wá. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2019, ìjì Dorian kọ lu erékùṣù Abaco ní Bahamas, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní The Mudd, níbi tí àwọn ọmọ Háítì pọ̀ sí jù, pàǹtí ló kù. Ìjọba kọ́kọ́ ní àwọn máa dá lílé àwọn èèyàn padà dúró ná láwọn ibi tí ìjì ti jà, kò pẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ àjọ kan wá bá ọ, ó ní kí o sọ orúkọ rẹ, ibi tó ò ń gbé báyìí, nọ́ńbà fóònù rẹ, iye ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ, ó ní àṣírí ni. Ṣé wàá sọ ọ́?

Mo ti túmọ̀ gbólóhùn yẹn rí o, pé àṣírí ni, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ẹnu mi máa ń wúwo tí mo bá ń sọ ọ́. Lóṣù Kìíní 2022 àwọn jàgùdà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọnú kọ̀ǹpútà tí Red Cross ń fi orúkọ àwọn tó ń wá ẹbí wọn pa mọ́ sí, èèyàn tó lé ní 515,000 lọ̀rọ̀ kàn, aṣíkiri wà nínú wọn, ẹni tí wọ́n ń wá wà nínú wọn. Red Cross jáde, wọ́n sọ ọ́ fáyé gbọ́ fúnra wọn, ìyẹn sì dáa. Àmọ́ àjọ tí ń ṣọ́ra tó báyìí náà ni wọ́n wọlé bá. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gba orúkọ, ká máa bi ara wa pé ṣé a nílò gbogbo ẹ̀ ni? Láti fún èèyàn lómi, kí la fẹ́ fi ọjọ́ tó wọ̀lú ṣe?

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn. Ẹ máa ní ìjọba ìlú tó nílẹ̀ ló ń ṣe òfin, ìpinnu 46/182 náà sì sọ ọ́ pé ìjọba ló ń síwájú. Òótọ́ ni. Ìjọba ló ni ìmígíréṣọ̀n. Àmọ́ tí ìjọba kan bá ní kí ẹ má ṣe tọ́jú àwọn obìnrin, ẹ máa jà, ẹ máa kọ̀wé, ẹ máa lọ rí mínísítà. Èwo nínú yín ló ti lọ rí mínísítà pé kí ìmígíréṣọ̀n má dúró síbi tí a ti ń pín oúnjẹ? Ìyẹn ò ná yín lówó kankan. Ní Táílándì nígbà omíyalé ọdún 2011, ìwé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Myanmar ò gbà wọ́n láyè láti kọjá agbègbè tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, omi ń wọlé bá wọn, òfin ní kí wọ́n dúró. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ lónìí láwọn ibi tí ẹ ti ní ọ́fíìsì, ẹ sì mọ̀ ọ́n. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Èdè ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ má baà ní iṣẹ́ ara mi ni mò ń polówó. Lẹ́yìn ilẹ̀ ríri Kobe lọ́dún 1995, àwọn ará Japan rí i pé ìkéde tí wọ́n ń ṣe ò yé àwọn àjèjì, ni àwọn onímọ̀ èdè bá jókòó tì í, wọ́n ṣe irú èdè Japan kan tó rọrùn, gbólóhùn kúkúrú, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, fún ìkìlọ̀ pàjáwìrì. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tí kì í sọ èdè ìlú dáadáa lè gbọ́ ọ tí ẹ bá sọ ọ́ ní ṣókí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ nílò mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nísinsìnyí ni owó. Nígbà tí wọ́n ṣe ètò ọdún 2025, wọ́n ní èèyàn mílíọ̀nù 305 ló nílò ìrànwọ́, ẹ fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 190, ẹ sì ń wá bílíọ̀nù dọ́là 47. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2025, owó ti gbẹ, Amẹ́ríkà ti fà sẹ́yìn, ẹ gé ètò yẹn sí bílíọ̀nù 29 fún mílíọ̀nù 114 tọ́rọ̀ wọn le jù. IOM fúnra wọn dín òṣìṣẹ́ kù. Mi ò bá yín jà lórí gígé, ẹni tí ò ní tó ò lè pín kárí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gé nǹkan, ohun tí ò ní olùgbèjà ni ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ kàn. Ní mítìn yẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún oúnjẹ máa sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ máa sọ̀rọ̀. Aṣíkiri, gbogbo wọn á wo ojú ara wọn.

Ẹ tún ti ṣèlérí nínú Grand Bargain, àdéhùn tí àwọn tó ń fowó sílẹ̀ àti àwọn àjọ ìrànwọ́ jọ ṣe lọ́dún 2016, pé tó bá fi di 2020, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànwọ́ máa dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ abẹ́lé. Kò sún mọ́ ọ rárá. Lára ìdí ẹ̀ ni pé ìwé tí ẹ ń béèrè, odindi àjọ ńlá ló lè kọ ọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aṣíkiri tó ń fi WhatsApp ṣiṣẹ́, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ìwé oníṣirò owó ọdún mẹ́ta? Púpọ̀ nínú wọn ò lè forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin nítorí pé àwọn fúnra wọn ò níwèé. Bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ ilé tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan.

Ohun tí mò ń tọrọ nìyí. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti ní ètò ìmúrasílẹ̀, kí ẹ yan ẹnì kan, orúkọ pàtó, tí wọ́n máa bi tí aṣíkiri bá ṣubú sáàárín tábìlì. IOM ló bá a mu jù ní ibi púpọ̀, àmọ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn kàn rò. Kí ẹ lo DTM, ètò tí IOM fi ń ka àwọn tó ṣí kúrò níbì kan sí ibòmíì, tí wọ́n ti ń lò láti 2004, láti mọ iye aṣíkiri tó wà níbì kan kí wàhálà tó dé, iye nìkan o, mi ò ní kí ẹ gba orúkọ. Kí ẹ bá ìjọba kọ̀wé àdéhùn nígbà tí ara rọ̀, pé ilé ìsásí máa gba gbogbo èèyàn, ìmígíréṣọ̀n á sì jìnnà sí i. Kí owó kékeré kan wà tí ẹgbẹ́ aṣíkiri lè gbà láìní ìwé rẹpẹtẹ, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ abẹ́lé tí wọ́n fọkàn tán. Àti fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpótí kẹrin sí i.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ní àwọn kan nínú yín ti ń ṣe lára ẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wa níbi tó ti wà àti bó ṣe ń lọ, kí àwọn tó wà níbi tí kò sí lè ní nǹkan tí wọ́n máa nawọ́ sí. Tí ẹ bá sì máa ní rárá, pé aṣíkiri kì í ṣe iṣẹ́ yín, ẹ sọ ìyẹn náà ní gbangba, kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáná nínú ilé ńlá yẹn mọ̀ pé àwọn nìkan ló kù. Mò ń retí èsì.

Èmi ni tiyín,
Ògbufọ̀ kan